Bí Ohun Tó Ń Kùn Bá Kọjá Lókè Àbà, Ẹ Má Sá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdí iná, ẹ kú èéfín, ẹ kú ojú tó ń ta yín. Kí n tó mú bírò, mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yàrá tí mò ń sùn ní Èkó níbí, mo kọjú sí apá ibi tí mo rò pé ilé wà. Ọmọkùnrin tí a jọ ń sùn bi mí pé ìgbà wo ni mo di Mùsùlùmí.

Mo kí Bàbá Àpọ́sítélì, ẹ̀gbọ́n yín, olórí àbà wa àti olùṣọ́ ìjọ wa. Mo kí Ìyá Àgbà, tí wọ́n ní etí wọn ti di, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni òfófó kọ́kọ́ ń dé. Mo kí Bọ̀sẹ̀dé àbúrò mi, mo mọ̀ pé òun ló ń ka èyí sí yín létí. Bọ̀sẹ̀dé, rọra kà á. Má fi ohùn mi kà á, má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọ. Mo kí àwọn adẹ́mu wa tó ń gun ògùrọ̀. Mo kí bàbá mi níbi tí wọ́n sùn sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Tó bá jẹ́ ti ara ni, ara mi le. Mò ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ẹ̀rù gidi ni, kì í ṣe èyí tí mo máa ń fi ojú ṣe kí ẹ lè fi ẹja kún ẹ̀bà mi. Òun ló jẹ́ kí n máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn bí olóṣèlú, tí gbogbo ayé ń gbọ́. Mo rò ó títí, n kò rí ọ̀nà mìíràn. Ìwé ìròyìn yìí ń dé Òkìtìpupa. Ẹni tí kò bá kà á á fi di àkàrà, ẹni tí kò bá fi di àkàrà á fi wé ẹja, bébà náà á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí á fi dé Ìjù-Odò, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á dé Àbà Ìdí-Ògùrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lọ́nà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì wé nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ẹ má fi pẹ́.

Ẹ̀yin rò pé ilẹ̀ ni mò ń gbá. Mo gbá a lóòótọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ àwọn tí mò ń gbálẹ̀ fún ni pé wọ́n ń ya máàpù etí òkun, láti Èkó títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Àrògbò. Wọ́n ń gba àwòrán lọ́wọ́ sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú sánmà. Wọ́n tún ní èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní dírónù, tó ní abẹ́bẹ̀ lórí, tó ń fò bí ẹyẹ tó sì ń ya àwòrán láti òkè. Wọ́n ń wá ibi tí ẹja ń yé sí àti ibi tí igi ṣì ti ń dá omi iyọ̀ dúró, kí ìjọba lè fi òfin ṣọ́ ọ. Wọ́n á wá rán àwọn ènìyàn lọ gba ohùn àwọn ará etí omi sílẹ̀: kí ni ẹ ń pe odò yìí, ta ló ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀, ìgbà wo ni ẹ kì í dẹ ẹ́. Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ rí, ló fi dandan lé èyí. Ó ní máàpù tó mọ orúkọ ẹja tí kò mọ orúkọ apẹja, máàpù olè ni.

Ẹni tó ń gbọ́ àwọn ohùn náà tó sì ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ni Ọ̀gbẹ́ni Délé, ọmọ Ọ̀yọ́. Èdè tiwa ń fi ojú ẹ̀ rí màbo. Bàbá kan láti apá Àjàgbà sọ nínú ẹ̀rọ pé ulé òun wà lápá ọghọ́ òsì odò, bí àwa ti ń pe ilé àti ọwọ́ òsì nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Délé gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ títí, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọghọ́ Òsì ló ni odò náà. Mo wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè pa á mọ́ra. Mo tún ọ̀rọ̀ bàbá náà sọ láti abẹ́ tábìlì níbẹ̀, bó ti sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ikọ́ tó fi há a láàárín. Ọ̀gbẹ́ni Délé fò sókè, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tó rí mi, ó ní ṣé èmi ọmọ yìí kì í ṣe àǹjọ̀nú. Dókítà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò bínú. Ó ní kí n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kí n fa àga wá.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi ni kí n fi nǹkan bo etí, kí n máa gbọ́ ohùn, kí n sì máa tún un sọ díẹ̀díẹ̀ ní Yorùbá tí Ọ̀gbẹ́ni Délé gbọ́. Owó rẹ̀ ò burú, oúnjẹ Èkó ló kàn ń bá mi jẹ nínú rẹ̀. Òjò ibí kì í rọ̀ bíi tiwa. Tiwa máa ń ti ọ̀nà jíjìn dún kó tó dé. Tibí á kàn já lu ènìyàn bí ẹni tí wọ́n rán sí i, omi á sì wọ yàrá, a óò gbé bàtà lé orí fèrèsé. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé láàárọ̀ dalẹ́, ohùn àwọn ènìyàn wa ló ń wà létí mi. Bí ẹnì kan bá ń dá àwọn olùbéèrè lóhùn, màá gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, màá gbọ́ obìnrin kan tó ń pariwo mọ́ ọmọ pé ìkòkò tí òun ní kó gbé dà. Bí mo bá yọ nǹkan náà létí, fáànù nìkan ló kù tó ń dún. Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ á ti tán tí n kò ní yọ ọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ilé wa nínú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rù yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Délé ṣí àwòrán ìrà tó wà nísàlẹ̀ Ìjù-Odò, gbogbo rẹ̀ sì pupa. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú. Mo rò pé iná ti jó yín tán, mo fò dìde, mo ń pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Délé ní kí n jókòó kí n tó ba ilẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń gbá a báyìí. Ó ní ẹ̀rọ tó ya àwòrán náà ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ò lè rí, àti pé ewé tó bá tutù tó sì lera, pupa ló máa ń jáde. Ibi tí igi ti kú ló máa ń dà bí eérú. Ó ní láti bí òun ti ń wo etí omi, òun ò tíì rí ìrà tó lera bíi tiwa. Mo gbé àyà sókè. Mo sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé ilé mi nìyẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé náà nínú pupa yẹn kí n lè fi hàn wọ́n, n kò sì rí i.

Màámi, abẹ́ igi ògùrọ̀ la kọ́lé sí, ewé ògùrọ̀ la sì fi bo òrùlé. Lójú ẹni tó wà lókè, ewé lórí ewé ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ò sí níbẹ̀. Ibojì bàbá mi ò sí níbẹ̀. Mo mọ ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́bàá wa, mo fi ìka tẹ̀ lé e lórí gíláàsì títí mo fi dé ibi tó yẹ kí ẹ jókòó sí, igi ni mo bá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ti kọ sórí rẹ̀ ni pé ìrà ni, kò sí olùgbé.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe: àwọ̀ ni wọ́n fi pín gbogbo etí omi. Ibi tí ènìyàn ń gbé tó sì ń tọ́jú igi àti odò, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ òféèfèé. Àwọn tó ni ibẹ̀ á máa gbé ibẹ̀, òfin tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn ni ìjọba á kọ sílẹ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀. A kì í dẹ odò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹja bá lóyún, ẹni tó bá sì dá ògùrọ̀ kan tán gbọ́dọ̀ ri èso mìíràn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá sí ènìyàn, àwọ̀ ewé ni wọ́n ń kùn ún. Ibẹ̀ ti di títì nìyẹn. A kò gbọdọ̀ gun igi níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá iná, a kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn yín.

Ẹ má rò pé ẹni burúkú ni wọ́n. Wọ́n fi àwòrán ayé ìgbà kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí, mo rí ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀ tó ti di òkun. Iyọ̀ tí ẹ máa ń tọ́ wò nínú omi mímu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Bàbá Àpọ́sítélì máa ń sọ pé ẹnu yín ló ń ṣe yín, òótọ́ ni. Òkun ń bọ̀. Àwọn igi tiwa yẹn wà lára ohun tó ń dá a dúró. Ó dára kí wọ́n ṣọ́ wọn. Kí wọ́n má kàn lé yín kúrò lábẹ́ igi tí ẹ̀yin fúnra yín gbìn.

Mo lọ bá Dókítà, mo ní ènìyàn wà níbẹ̀, ìyá mi ni. Ó bi mí léèrè títí, ó sì gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu mi nìkan ò tó láti fi yí máàpù padà. Ó ní kí wọ́n fò dírónù lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ tí ohun kan ń kùn lókè yín bí agbọ́n nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní láti ròyìn ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ohun tí Ìyá Àgbà kọ́ wa ni ẹ ṣe, èyí tí àwọn náà bá lọ́wọ́ ìyá tiwọn nígbà tí ọlọ́pàá ń lé àwọn tó ń se ògógóró: ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀ńjìnnì tí kò mọ̀, kó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó wọ abẹ́ igi, kó di kùkùté. Ẹ di kùkùté, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí àwòrán náà dé, mo rí iná. Mo rí àwọn dúrọ́ọ̀mù, páìpù bàbà tó wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ tí a pọn omi sí, èéfín tó ń jáde láàárín ewé. Ènìyàn kankan ò sí. Sílípáàsì kan wà lẹ́bàá iná, ẹsẹ̀ kan. Ti yín ni, mo dá a mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Délé wò ó, ó ní áà, àwọn tó ń se epo rọ̀bì tí wọ́n jí nìyí. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ lápá ibòmíràn: dúrọ́ọ̀mù, páìpù, omi, iná. Ó ní àti pé ta ló ń sá láìjalè. Ó fi àmì pupa kan sí orí iná yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyẹn. Bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ láìrí yín, wọ́n á tì yín síta. Bí wọ́n bá sì rí yín, àmì pupa yẹn ni wọ́n rí. Fáìlì náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba, a ò sì mọ ẹni tó máa ṣí i níbẹ̀. Bí àwọn ológun bá ti ibẹ̀ gbọ́, wọn ò ní dúró bi yín pé ọtí ni àbí epo.

Mo sọ fún wọn pé ọtí ni. Mo fi gbogbo àbà ṣe eré hàn wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo ṣe yín, bí ẹ ti ń fẹ́ná tí ẹ ń bú igi tútù. Mo ṣe Bàbá Àpọ́sítélì, bí wọ́n ti ń wàásù pé ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ọtí, tí wọ́n á sì tọ́ ti inú ṣíbí wò lẹ́yìn ìwàásù kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó tà. Ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Délé mú fóònù, kó pe ẹnì kan níbẹ̀.

Kí ẹ bi Bàbá Àpọ́sítélì nípa ìpè yẹn, Màámi. Ẹ bi wọ́n báyìí, kí Bọ̀sẹ̀dé tó kà á síwájú.

Ọ̀gbẹ́ni Délé pè wọ́n, ó sì jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó kí wọn dáadáa, ó ní ọ́fíìsì tó ń ya máàpù etí omi lòun ti ń pè. Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní Akínwándé, ohùn tó o mú wá lónìí yìí dára, ó dára ju ti alága ìjọ tó o fi tàn wá lórí fóònù, tí a fi gbálẹ̀ gbogbo àbà tí a sì pa àkùkọ. Wọ́n ní ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ará Ọ̀yọ́. Ọ̀gbẹ́ni Délé ní òun kọ́ ni Akínwándé, Akínwándé jókòó síwájú òun. Bàbá ní ó dáa, kó jẹ́ kí Akínwándé náà sọ̀rọ̀. Mo gba fóònù, mo ní Bàbá, èmi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni. Ẹ̀rín pa Bàbá. Wọ́n ní mo ti ń ṣe ti ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ẹ̀bùn Ẹ̀mí nìyẹn, kí n má lò ó fún èṣù. Ọ̀gbẹ́ni Délé gba fóònù padà, ojú rẹ̀ ti ń le, ó ní ìbéèrè kan péré lòun ní: ǹjẹ́ ènìyàn ń gbé níbẹ̀. Bàbá ní rárá o, kò sí ènìyàn kankan níbí, iwin ni gbogbo wa. Wọ́n pa fóònù.

Ọ̀gbẹ́ni Délé sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Mo pe Bàbá títí, wọn ò gbé e mọ́. Mo pe Ìyá Alágolo tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín ní Òkìtìpupa. Mo sunkún sí i létí, Màámi. Ó rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù mi, ó ní ẹkún náà dà bí òótọ́, kí n tún ṣe é. Ohùn yìí ti bà jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Èyíkéyìí tí mo bá gbé dé, ẹ ó ní eré ni. Ìwé ò ní ohùn. Òun ló jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Dókítà ti ní wọ́n á tún fò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tó ń fò ó ti wọ ojú omi lọ sápá ìlà oòrùn, ìgbà tí wọ́n bá ń padà ni wọ́n máa kọjá lọ́dọ̀ yín, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìkórè ìjọ wa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá wọn lọ. Ó ní ọmọ ẹni tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀ kì í wà lára adájọ́. Bí mo bá lọ, àwọn tó fẹ́ kí ibẹ̀ di títì á ní èmi ni mo kó ènìyàn wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti padà dé, wọ́n á pa ìlà máàpù dé. Kò tún sí fífò mìíràn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ lókè, ẹ má sá. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín á fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ di ara yín mú. Ẹ má jọ dúró nídìí iná, ẹ má sì pa á. Kí iná máa jó, kí ẹnì kan jókòó tì í bí ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀. Kí gbogbo àwọn tó kù bọ́ sí èbúté, ibi tí igi ti ṣí tí sánmà ti hàn. Dókítà ní láàárín ewé, kò sí ohun tó ń hàn dé òkè bí aṣọ funfun. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò sí ohun tó funfun ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bí sùtánà tí Ìyá Àgbà bá fi búlúù ṣan. Ẹ wọ̀ ọ́, gbogbo yín. Ẹ wọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Mo mọ̀ pé Bàbá Àpọ́sítélì á ní a kì í wọ aṣọ mímọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ pé ìsìn ni. Ẹ kọrin bí ẹ bá fẹ́, kó má kàn jẹ́ pé ẹ dijú gbàdúrà tí ẹ tẹ orí ba, torí orí tó tẹ̀ ba, irun nìkan ló ń hàn.

Ẹ má sì gé igi kankan kí àbà lè hàn. Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ àwọn adẹ́mu wa, wọ́n á fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí kùkùté tútù nínú àwòrán, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ń pa ìrà run. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan á fi ọkọ̀ wá bi yín ní orúkọ, orúkọ odò, orúkọ ẹni tó sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dá wọn lóhùn bí ó ti rí. Kí Bàbá má tún sọ̀rọ̀ iwin.

N kò lè parọ́ fún yín pé ó máa dáa. Mo bi Dókítà pé bí ẹ bá jáde, ṣé ó dájú pé wọ́n á kùn yín ní òféèfèé. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò lè búra. Ó ní òun á jà sí i, àti pé ẹni tí òun rí lòun lè jà fún. Ẹ wo ohun tí mò ń bẹ ìyá mi sí. Gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà kọ́ wa ni pé ká má jẹ́ kí wọ́n rí wa, èmi sì ń sọ pé kí ẹ wọ aṣọ funfun kí ẹ lọ dúró sí gbangba lábẹ́ ojú àwọn tí ẹ ò mọ̀. Mò ń jí lóru, mò ń rò ó pé ká ní ẹ sá ńkọ́. Mo tún rò ó pé ká ní ẹ jáde, tí àwòrán náà sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni burúkú ńkọ́. Ẹ̀rù méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ní kí ẹ jáde.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń sọ pé Akínwándé ló tún dé yìí, ẹ gbà pé òun ni. Ẹ jẹ́ kí n tàn yín. Tó bá jẹ́ eré, gbogbo ohun tí ẹ pàdánù ò ju àárọ̀ kan pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ ó sì fi ọmọrogùn gbà mí lórí nígbà tí mo bá délé. Mo ti gbà.

Nígbà tí àwòrán náà bá dé, èmi ni wọ́n máa fi jókòó síwájú rẹ̀, torí èmi ni mo mọ̀ yín. Láti òkè, èjìká àti àtàrí ló ń hàn lára ènìyàn. Gbogbo ènìyàn á dà bí ẹyọ ìrẹsì. Màámi, ẹ má bojú wo omi. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kọjá. Màá ti máa wá yín.

Kí Ọlọ́run tó ní omi àti ilẹ̀ má jẹ́ kí iyọ̀ dé ìdí igi wa. Kí ó má jẹ́ kí alágbára rí yín kí aláàánú tó rí yín. Kí Ìyá Àgbà pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ àti gbogbo àbà, àgbà tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti èyí tí mi ò tíì mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ kí Bàbá Àpọ́sítélì fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ní tòótọ́, ará Ọ̀yọ́ ni ọkùnrin yẹn.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínwándé.